Àwọn Ará Ìlú Àtúnbọ̀

Ariwo máṣíìnì ló dá gbogbo ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ká ní Màmá Télọ̀ kò máa fẹsẹ̀ wa máṣíìnì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni, etí ọmọ rẹ̀ obìnrin ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ariwo máṣíìnì a máa jẹ ohùn ọ̀rọ̀ bí ikán ti í jẹ igi. Ohun tí màmá sọ nínú yàrá ìránṣọ rẹ̀ ni pé, "Àrún ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́ lónìí." Ohun tí ọmọ gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni pé àrùn ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́.

Àpò ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Kò kanlẹ̀kùn, kò kí èèyàn, ó kàn já wọlé ni.

"Màámi! Àrùn wo ló wọlé? Láti ìgbà wo? Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún mi?"

Màmá Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ dúró. Aṣọ àwọ̀sánmà kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá rẹ̀ kan ti bọ́ sí i, ìkejì ṣì wà lórí tábìlì ìgéṣọ. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí ni àdúgbò ń pè ní Akọ̀wé, nítorí pé ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, tó sì máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé ìkìlọ̀ síni létí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Irọ́ wà nílẹ̀ tí màmá lè pa. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú irú irọ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ bí ẹní tọ́jú bọ́tìnnì. Bí ẹnikẹ́ni bá ká a mọ́ ibi tó ti ń dá sọ̀rọ̀, á ní orin lòun ń kọ, tàbí kó ní àdúrà ni. Ọkọ rẹ̀ kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí obìnrin tó ń gbàdúrà tó ìyàwó òun láyé. Ṣùgbọ́n irọ́ náà sú u lẹ́nu lọ́sàn-án yẹn. Ó dàgbà ju ẹni tí í fara pa mọ́ nínú ilé ara rẹ̀ lọ.

"Kì í ṣe àrùn," ó ní. "Àrún ni. Àrún tó wà láàárín Ẹ̀rin àti Ẹ̀fà."

"Ta ni Àrún?"

"Ará ìlú Àtúnbọ̀ ni. Àìsàn kì í sì í wọ́n lára òun náà, ìyẹn lo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ dáadáa."

Akọ̀wé wo gbogbo yàrá yíká. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí òkìtì aṣọ oníbàárà, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Màmá Télọ̀ wà lọ́mọdé, tísà kan kọ́ wọn ní ìṣirò pínpín. Ó ní kí wọ́n pín ọ̀kan sí ọ̀nà méje, kí wọ́n sì dúró tí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn póìntì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Òun kò dúró. Ení kọ́kọ́ jáde, Ẹ̀rin tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Èjì, Ẹ̀jọ, Àrún, Èje. Bó ṣe ní kí òun wo ẹni tó kàn, Ení ló tún yọjú, bí ọmọ tó gba ẹnu ọ̀nà jáde tó lọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀rin tún tẹ̀ lé e. Síléètì kún, ó bọ́ sórí tábìlì. Tábìlì kún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni tísà ká a mọ́.

"Kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ẹgba sì bá a lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹgba kò dáhùn ìbéèrè. Kó tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti kọ́ òpópónà kan tó yípo bí òrùka sí ọkàn rẹ̀, ilé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó sì ti fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sílé tirẹ̀. Ení ń ṣe bí ọba. Ẹ̀rin kò mọ̀ ju ẹ̀rín rínrín lọ, ìyáàfin náà lè rẹ́rìn-ín nílé òkú. Èjì ní èjí, ó sì ń gba inú rẹ̀ súfèé. Ẹjọ́ lounjẹ Ẹ̀jọ, bí kò bá rí ẹni pè lẹ́jọ́ á pe ara rẹ̀. Àrún, ẹ ti gbọ́ tirẹ̀. Èje kì í sọ̀rọ̀ rárá, òun sì ni gbogbo ìlú ń bẹ̀rù jù.

Ohun tó dùn mọ́ ọmọ náà jù lọ ni pé bí a bá pín méjì sí ọ̀nà méje, àwọn èèyàn kan náà ló tún ń jáde, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra gan-an, àfi pé Èjì ló máa ń ṣíwájú. Bí a bá pín mẹ́ta, Ẹ̀rin lọ̀gá. Bí a bá pín mẹ́rin, Àrún olókùnrùn lásán, òun náà a di aṣíwájú. Kò sí ẹni tí kò ní í jọba, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè lé kúrò lórí ìlà. Ó sọ ìlú náà ní Àtúnbọ̀. Ó gbé e dàgbà, ó gbé e lọ sílé ọkọ, ó bí ọmọ tán ó tún ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa rìn lọ sí ìlú òkèèrè, ìyẹn ni tiwọn. Òun a fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, á sì ti dé.

Gbogbo èyí ló rò fún Akọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí síléètì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ara ń tù ú. Bó ṣe ń tù ú ni ojú ọmọ ń pọ́n.

"Màámi, ẹ̀ ń bá nọ́ńbà sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Akọ̀wé bọ́ síta, ó pe àbúrò ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Àbúrò Màmá Télọ̀ jẹ́ ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ó dé lọ́jọ́ kejì, bàtà rẹ̀ ń dán bí dígí. Ó jókòó, ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu Akọ̀wé, ó ń mi orí bí alágbà tí wọ́n pè sí ìpàdé. Wọ́n ní kí àwọn mú màmá lọ rí dókítà. Màmá ní kò burú, òun ti ń fẹ́ ṣàyẹ̀wò ojú òun tẹ́lẹ̀, nítorí òwú kì í fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé mọ́.

Dókítà náà jẹ́ ọmọlúàbí. Ó bi í ní ọjọ́ tí òní jẹ́, màmá dáhùn. Ó ní kó ka nọ́ńbà bọ̀ láti ẹ̀yìn, màmá kà á. Ó wá rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, àwọn èèyàn tí wọ́n ní ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọ́n máa ń pàṣẹ fún yín?"

"Wọn ò tíì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí, ká tó máa sọ ti àṣẹ pípa."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò sí?"

"Dókítà, ẹni tó ń pàlọ́, ṣé ó máa ń gbàgbé pé òun ló ń pa á?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ màmá ru díẹ̀, kó dín iyọ̀ kù. Ó ní ojú rẹ̀ fẹ́ gíláàsì. Ó ní orí rẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ ti dókítà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Akọ̀wé ní, "Dókítà ò mọ̀ yín bí mo ṣe mọ̀ yín."

Màmá dúró, ó di irin àtẹ̀gùn mú. "Ìwọ gan-an ò tíì mọ̀ mí. Ṣebí lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ Àrún."

Ọ̀rọ̀ náà dun Akọ̀wé. Bóyá torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe ohun tó ṣe. Ní òwúrọ̀ kan tí màmá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní òpópónà kejì, Akọ̀wé mú alábàárù wá. Wọ́n tú orí máṣíìnì kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí màmá darí dé, ẹsẹ̀ máṣíìnì nìkan ló bá nínú yàrá, ó dá dúró síbẹ̀ bí ẹran tí wọ́n gé lórí. Akọ̀wé dúró tì í.

"Ẹ má bínú, Màámi. Dídá wà ló ń mú kéèyàn máa dá sọ̀rọ̀, máṣíìnì yẹn ló sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa dá wà. Ẹ sinmi. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ti ṣe yàrá kan lọ́jọ̀, ẹ ó máa wo tẹlifíṣọ̀n."

"Tẹlifíṣọ̀n," ni màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyẹn ni pé kí n máa wo àwọn èèyàn tí kò sí, tó bá ti jẹ́ ẹlòmíràn ló dá wọn sílẹ̀."

Akọ̀wé ní òun yóò padà wá lọ́sàn-án pẹ̀lú Bàbá Ṣọ́jà láti wá kó ẹrù màmá. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Màmá Télọ̀ kò sunkún. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó bu ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kún àpò, ó gbé àpótí ìjókòó kan dání, ó sì bọ́ síwájú ilé, níbi tí ògiri rẹ̀ gbé dojú kọ títì. Bí wọ́n bá ní wèrè ló ń ṣe é nínú yàrá, á jẹ́ pé kó gbé e jáde síta kí gbogbo ayé bá a wò ó.

Kì í ṣe ìlú Àtúnbọ̀ ló kọ́kọ́ yà. Ìyẹn ti mọ́ ọn lára. Ìlú tó yà ni èyí tó ti ń kó ìdààmú bá a láti ìgbà pípẹ́. Ẹ ó rí i pé nígbà tí wọ́n pín ilé ní Àtúnbọ̀, Ẹ̀ta, Ẹ̀fà, Ẹ̀sán àti Òfo kò rí ilé gbà. Àánú wọn ṣe é, ó sì wá ilẹ̀ mìíràn fún wọn, títí tó fi pín ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́tàlá. Ibẹ̀ ló ti rí wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú Èje àti Èjì: Òfo, Èje, Ẹ̀fà, Ẹ̀sán, Èjì, Ẹ̀ta, wọ́n ń yípo bí ti Àtúnbọ̀. Ó pè é ní Ìlú Òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tó pín méjì sí ọ̀nà mẹ́tàlá, tó ń retí àwọn èèyàn kan náà, àwọn mìíràn ló jáde: Ení, Àrún, Ẹ̀ta, Ẹ̀jọ, Ẹ̀rin, Ẹ̀fà. Ìlú mìíràn ni, òrùka mìíràn. Ó pè é ní Ìlú Ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó bá pín sí ọ̀nà mẹ́tàlá, inú ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì ló ń bọ́ sí. Aládùúgbò ni wọ́n, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, síbẹ̀ ará Òkè kì í bá ará Ìsàlẹ̀ tò lórí ìlà. Èyí ni kò yé e. Ṣé kò sí ọ̀nà láàárín wọn ni?

Ó gun àpótí, ó fẹ́ ya òrùka Ìlú Òkè. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Bíríkìlà kan tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán, tó ń fọ ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ́wọ́, wò ó títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Màmá, òrùka lẹ̀ ń yà àbí ẹyin?"

"Òrùka ni."

"Ẹ jẹ́ n fún yín ní okùn àti ìṣó. Ojú lásán kì í ya òrùka."

Ó kan ìṣó mọ́ ògiri, ó so okùn mọ́ ọn, màmá so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹnu okùn kejì, ó yí i ká. Òrùka jáde gún régé. Ó ya òrùka kejì sábẹ́ rẹ̀. Ó wá fẹ́ to àwọn ará Ìlú Òkè sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka náà kí àwọn tó ń kọjá lè kà wọ́n. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́, ó ń gòkè lọ bí ẹni ń gun àkàbà. Ó tún òmíràn kọ sábẹ́ rẹ̀ gan-an, èyí tó tọ́. Ó fẹ́ nu ti òkè nù.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlà méjì tí wọ́n jọra, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹni tó ti ń ṣẹ́ aṣọ po sí méjì láti ìgbà èwe, ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan méjì kó má sọ ọ́ di ọ̀kan. Ó fa ìlà sábẹ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n pọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀ta àti Ẹ̀ta, Ẹ̀fà. Èjì àti Èjì, Ẹ̀rin. Ẹ̀sán àti Ẹ̀sán, Ẹ̀jọ jókòó, ó sì rán ọ̀kan síwájú. Ẹ̀fà méjì pẹ̀lú ọ̀kan yẹn, Ẹ̀ta; Èje méjì pẹ̀lú ọ̀kan, Àrún, ó tún rán ọ̀kan síwájú. Nígbà tó dé ibi Òfo àti Òfo, ọ̀kan tí wọ́n rán síwájú ló dá dúró síbẹ̀: Ení.

Ó kà á. Ení, Àrún, Ẹ̀ta, Ẹ̀jọ, Ẹ̀rin, Ẹ̀fà.

"Yéè!"

Bíríkìlà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Kí ló dé, Màmá? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ọmọ wọn ni! Ọmọ wọn ni wọ́n!"

Ó tún sáré kọ Ìlú Ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó rò ó pọ̀. Ẹ̀ta, Òfo, Èje, Ẹ̀fà, Ẹ̀sán, Èjì. Ará Òkè ni wọ́n, Ẹ̀ta ló ṣíwájú. Ọ̀nà wà. Àwọn àgbà kì í rékọjá, ṣùgbọ́n bí ará Òkè bá gbéra lé ara wọn, Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń bí ọmọ sí, bí àwọn ọmọ náà bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tiwọn a padà sí Òkè. Kò sí ìgbà kankan tí ọ̀nà náà dí. Òun ni kò wo ibi tó yẹ.

Kó tó di àsìkò yìí, èèyàn ti pé jọ. Ọmọ ilé ìwé wà níbẹ̀, awakọ̀ kan páàkì, obìnrin tó gbé bébà ìgbọ̀nsẹ̀ kiri fún títà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Màmá ń tọ́ka, ó ń ṣàlàyé, ó ń sọ ẹni tó jẹ́ apenilẹ́jọ́ àti ẹni tó ń fi èjí súfèé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bi í léèrè. Bíríkìlà họ orí.

"Ó dùn o, Màmá. Ṣùgbọ́n èrè wo ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí. Mo fẹ́ mọ̀ ni, mo sì ti mọ̀."

Àárín èrò yìí ni ọkọ̀ Akọ̀wé já sí. Òun àti Bàbá Ṣọ́jà bọ́ sílẹ̀, ó rí ògiri, ó rí ìyá rẹ̀ lórí àpótí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lójú, lórí, lára aṣọ.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò rí bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò wá?"

"Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀ ń dójú tì mí!"

"Gbọ́, ọmọ mi." Màmá kò sọ̀kalẹ̀. "Tísà nà mí nítorí ìlú yìí, mo dákẹ́. Mo fi bàbá rẹ sínú irọ́ nítorí ẹ̀, mo dákẹ́. Nísinsìnyí, ọmọ tí mo fi máṣíìnì yẹn rán níléèwé ló gbé máṣíìnì lọ. Mi ò ní dákẹ́ mọ́. Mi ò jalè, mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, aṣọ oníbàárà kankan ò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú orí mi ni ibì kan ṣoṣo tí mi ò tíì fi gba ẹnikẹ́ni lálejò, o sì fẹ́ wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. O ò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìtìjú ni, lọ máa tijú mi láti ilé rẹ."

Omijé dà lójú Akọ̀wé, ohùn ọ́fíìsì kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

"Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí Dádì ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyí. Wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi wò mí lójú tí wọ́n ní ta lèmi."

Nígbà náà ni màmá tó sọ̀kalẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún láṣọ.

"Bàbá rẹ ń gbàgbé àwọn tó wà. Èmi ń rántí àwọn tí kò sí. Kì í ṣe àìsàn kan náà. Lọ́jọ́ tí mo bá wò ọ́ lójú tí mi ò mọ orúkọ rẹ, gbé mi lọ síbi tó bá wù ọ́, mi ò ní janpata. Ọjọ́ yẹn kò tíì dé. Títí tó fi máa dé, máṣíìnì mi dà?"

Akọ̀wé yíjú sí Bàbá Ṣọ́jà pé kó bá òun dá sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣọ́jà kò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti lọ dúró síwájú ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹjọ́ tí Ẹ̀jọ pe Èje lórí kànga ńkọ́? Ibo ló já sí?"

Ẹnu ya màmá. Nígbà tí ibà dá àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́mọdé, òun ló máa ń jókòó tì í, tó ń fi ìtàn Àtúnbọ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò mọ̀ pé ó rántí.

"O ṣì ń ronú ìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń rán mi kiri lójú ogun, mo ń ronú ẹ̀. Èje ò kí ń sọ̀rọ̀. Báwo ni yóò ṣe rojọ́?"

"Kò rojọ́. Ẹ̀jọ ló rojọ́ tiẹ̀, ó tún bá Èje ro tirẹ̀, ó sì dá ara ẹ̀ lẹ́bi."

Bàbá Ṣọ́jà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú un tẹ̀ ba, títí awakọ̀ àti bíríkìlà náà fi ń bá a rín in láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí Akọ̀wé mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá. Òun àti bíríkìlà ló lọ gbé orí máṣíìnì dé, tí wọ́n sì tún un dè mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Kì í ṣe pé Akọ̀wé gbà tán o. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Màmá ní kò pọndandan kó fẹ́ràn rẹ̀, kó ṣáà máa kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí òjò nu ṣọ́ọ̀kì ara ògiri nù, màmá ra ọ̀dà funfun, ó tún gbogbo rẹ̀ yà, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé bá a di àpótí mú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Ṣọ́jà mú ìròyìn kan wá. Ó ní ẹnì kan ní ọ́fíìsì Akọ̀wé gba iwájú ilé kọjá, ó sì dé ibi iṣẹ́, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn pé kí ni wọ́n kọ sí ògiri ilé ìyá ọ̀gá àwọn. Wọ́n ní Akọ̀wé gbé gègé sílẹ̀, ó wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìlú ni. Ṣé ẹ ò rí ìlú rí ni?"

Màmá Télọ̀ fi eyín já òwú. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rí i.

"Ìlú méjì ni," ó ní. "Bá mi sọ fún un. Kó yéé parọ́ fáwọn èèyàn."